"Epo Yìí Ti Kan!" Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀?

Epo ni ìrọ̀jú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Láti Badagry dé Calabar, láti Okitipupa dé Aba, bóyá ni ilé ìdáná kan wà tí epo pupa kì í dé. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń ra epo ló mọ̀ pé epo ju epo lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ báyìí, òórùn dídùn rẹ̀ á gba inú ilé. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé béèyàn bá fi jẹ iṣu sísè, ńṣe lá máa ha èèyàn lọ́fun. Ohun táwọn oníbàárà sì máa ń sọ nípa irú epo bẹ́ẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Epo yìí ti kan."

Lọ́jà, gbólóhùn yìí lè dá ìjà sílẹ̀. Oníbàárà á ní, "Màmá, epo yín ti kan o." Màmá á dáhùn pé, "Ọmọ mi, àná òde yìí ni mo ṣe é!" Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Lóòótọ́, àná ni wọ́n ṣe epo náà, àmọ́ ẹyìn tí wọ́n fi ṣe é ti lo ọjọ́ mẹ́fà nílẹ̀ kó tó dé orí iná. Ahọ́n ẹnì kan ò sì jọ ti ẹlòmíì, torí náà kò sẹ́ni tó lè dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tó ń ra epo rẹpẹtẹ. Níbẹ̀, wọn kì í fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Òṣìṣẹ́ kan á bu epo díẹ̀ wọlé, kò ní pẹ́ tó fi máa jáde, á sì dárúkọ nọ́ńbà kan: "Mọ́kànlá." Ó parí. Lójú ẹsẹ̀, iye tí wọ́n máa ra epo náà á já wálẹ̀. Obìnrin tó háyà ọkọ̀ láti abúlé, tó sì yáwó ra ẹyìn, kò lè gbé dúrọ́ọ̀mù márùn-ún padà sílé. Kò sì mọ bó ṣe lè jiyàn, torí pé kò mọ ohun tí wọ́n wọ̀n, kò sì mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

Kí ni nọ́ńbà yìí gan-an? Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Kí ló sì kan ìdílé tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣoṣo ló fẹ́ rà?

Ohun Tó Wà Nínú Epo

Téèyàn bá fojú lásán wo epo, ó máa dà bíi pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Àmọ́ lọ́dún 1823, ọ̀gbẹ́ni Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ará ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀rá àti epo. Ó ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló para pọ̀ di ọ̀rá. Àkọ́kọ́ ni gílísírìnì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ dáadáa torí pé wọ́n máa ń fi para nígbà ọyẹ́. Ìkejì ni oríṣiríṣi áásíìdì ọ̀rá.

Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mẹ́ta mọ́ èèkàn kan. Gílísírìnì ni èèkàn náà, áásíìdì ọ̀rá mẹ́ta sì ni ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì le, epo náà dára, kò ní ha ọ̀fun. Àmọ́ bí omi bá ráyè dé ìdí okùn náà, tí ohun tó ń gé e sì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn áásíìdì tó já okùn yìí ni wọ́n ń pè ní free fatty acid lédè Gẹ̀ẹ́sì. FFA ni àwọn oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ ń pè é ní ìkékúrú. Nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ yẹn dárúkọ ń sọ iye tó ti já nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ní "mọ́kànlá," ohun tó ń sọ ni pé nínú kìlógíráàmù 100 epo náà, kìlógíráàmù 11 ti di áásíìdì tó já.

Ṣé májèlé ni áásíìdì yìí? Rárá. Nígbà téèyàn bá jẹ epo tó dára jù lọ pàápàá, inú wa fúnra rẹ̀ á já àwọn okùn yẹn kí ara tó lè lo epo náà. Ẹlẹ́rìí ni FFA jẹ́. Ó ń jẹ́rìí sí bí wọ́n ṣe tọ́jú epo náà látìgbà tí wọ́n ti gé ìdì ẹyìn lórí ọ̀pẹ títí dìgbà tó fi dé inú kẹ́ẹ̀gì. Èyí tó bá pọ̀ nínú rẹ̀ tún máa ń ba adùn epo jẹ́, ó ń jẹ́ kó tètè rú èéfín lórí iná, ó sì ń dín bó ṣe lè pẹ́ nílé kù.

Ibi Tí Epo Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kan

Ọ̀pọ̀ rò pé inú kẹ́ẹ̀gì ni epo ti máa ń kan. Lóòótọ́, ó lè kan níbẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀ kí epo tó di epo. Nínú ẹran ara ẹyìn, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ lipase. Òun ni ọ̀bẹ tó ń gé okùn yẹn. Bí ẹyìn bá ṣì wà lórí igi, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ọ̀bẹ yìí ò ríbi dé ọ̀dọ̀ epo, torí náà FFA inú ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, tí kò fara pa, kì í tó 1 nínú 100. Àmọ́ tí ẹyìn bá ti fara pa, ọ̀bẹ á bá epo pàdé, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo bí ẹyìn ṣe ń fara pa. Ẹni tó ń kọ ẹyìn á gé ìdì láti òkè, á já bọ́ lu ilẹ̀. Wọ́n á jù ú sínú ọkọ̀, wọ́n á tún dà á sílẹ̀ ní ẹbu. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á kó ìdì náà jọ, wọ́n á fi ewé tàbí àpò bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹyìn lè rọ̀, kó sì rọrùn láti já kúrò lára ìdì. Èèyàn ò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ẹ̀gún pọ̀ lára ìdì ẹyìn, ọwọ́ tó fẹ́ já a ní tútù á jẹ̀ka àbámọ̀, owó tí wọ́n máa fi san alágbàṣe sì máa ń pọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ tó ń kọjá ni ewúrẹ́ ń já sí i lábẹ́ ewé yẹn.

Iná nìkan ló lè dá ọ̀bẹ náà dúró. Tí wọ́n bá se ẹyìn dáadáa nínú omi gbígbóná tàbí ooru omi, ẹ́ńsáìmù náà á kú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹyìn tí yóò di epo á tọ́ iná wò. Ohun tí wọ́n lè fi kún un lóde òní ni pé kó tètè tọ́ ọ wò.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn FFA kò díjú, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n nílò ni òṣùwọ̀n kékeré tó ń wọn gíráàmù, ife onígíláàsì, ọtí líle tí wọ́n ń pè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, omi kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ti mọ bó ṣe lágbára tó, èròjà kan tó ń pa àwọ̀ dà tó ń jẹ́ phenolphthalein, àti ọ̀pá onígíláàsì tóóró kan tó ní àmì mìlílítà lára, tí wọ́n ń pè ní burette.

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ́ epo náà, wọ́n á sì rò ó pọ̀ dáadáa, torí pé èyí tó dì sísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń ṣàn lókè. Wọ́n á wá wọn gíráàmù 5 nínú rẹ̀ sínú ife. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á mú ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ́ wọ́ọ́rọ́. Torí pé ọtí náà lè ní áásíìdì díẹ̀ tirẹ̀ nínú, wọ́n á kọ́kọ́ kán sódà díẹ̀ sí i títí tó fi máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nípa bẹ́ẹ̀, áásíìdì ọtí ò ní di ẹ̀ṣẹ̀ epo. Wọ́n á da ọtí náà sórí epo, wọ́n á kán phenolphthalein sí i, wọ́n á sì mì í pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Láti inú burette, wọ́n á máa kán omi sódà sínú ife náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa mì í. Gbogbo ẹ̀kán sódà tó bá bọ́ síbẹ̀ á mú áásíìdì tó já kan, méjèèjì á sì di ọṣẹ. Níwọ̀n ìgbà tí áásíìdì bá ṣì kù, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó bá yọ á tún pa rẹ́. Ìgbà tí áásíìdì bá tán ni àwọ̀ náà á yọ, tí kò ní lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Wọ́n á dúró níbẹ̀, wọ́n á sì ka iye mìlílítà tí wọ́n lò. Àmọ́ o, epo pupa ní àwọ̀ tirẹ̀, torí náà ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ kí ife náà sinmi díẹ̀, ọtí á léfòó sórí epo, inú ọtí yẹn lá sì ti rí àwọ̀ náà kedere.

Ìṣirò ló kù. Ká sọ pé wọ́n lo mìlílítà 8.2, tí agbára sódà náà sì jẹ́ 0.1. Wọ́n á fi 8.2 lọ́po 0.1, wọ́n á tún fi 25.6 lọ́po rẹ̀, wọ́n á wá fi gíráàmù 5 pín in. Ohun tó máa jẹ́ ni 4.2 nínú 100. Epo tó dára nìyẹn. Bó bá jẹ́ mìlílítà 21.5 ni wọ́n lò, 11 ló máa jẹ́, irú èyí tí wọ́n dárúkọ lẹ́nu géètì lẹ́ẹ̀kan.

Ibo ni 25.6 ti wá? Áásíìdì ọ̀rá tó ń jẹ́ palmitic ni wọ́n fi ń ka ti epo pupa, 256 sì ni ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Ohun tí wọ́n ń lò fún òróró ẹ̀pà, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lápá Kano, ni 28.2, torí pé áásíìdì míì, ìyẹn oleic, ni wọ́n fi ń ka tiẹ̀. Fún àdín àti òróró àgbọn, 20 ni.

Ìbéèrè Mẹ́ta Tó Lè Gba Owó Sílẹ̀

Ẹni tó bá ti mọ ìṣirò yìí ti mọ ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé, yálà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Kò sí ìwọ̀sí nínú kí ẹni tó fẹ́ ta epo béèrè ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, "Ìgbà wo lẹ yẹ agbára omi sódà yìí wò kẹ́yìn?" Omi sódà tó ti pẹ́ máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Bó bá ti rọ̀, wọ́n á ní láti kán púpọ̀ sí i kí àwọ̀ tó yọ. Bẹ́ẹ̀, inú ìwé wọn, 0.1 náà ni wọ́n á ṣì kọ. Epo tí kò kan á wá dà bí èyí tó kan.

Ìkejì, "Nọ́ńbà wo lẹ fi lọ́po?" Bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò bá lo 28.2 tó jẹ́ ti òróró ẹ̀pà fún epo pupa, epo tó jẹ́ 4.2 á di 4.6.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: "Ṣé FFA lẹ pè, àbí acid value?" Ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n ń gbà kọ àbájáde kan náà. Acid value ń sọ iye mìlígíráàmù pọ́táṣì líle tó máa pa áásíìdì inú gíráàmù epo kan. Fún epo pupa, acid value máa ń ju ìlọ́po méjì FFA lọ díẹ̀. Epo kan náà tí FFA rẹ̀ jẹ́ 4.2, acid value rẹ̀ jẹ́ 9.2. Bí ẹnì kan bá gbọ́ "mẹ́sàn-án ó lé," tó sì rò pé FFA ni, á dá epo tó dára lẹ́bi.

Iye Wo Ló Dára?

Nínú òwò epo pupa tí wọn ò tíì fọ̀, 5 nínú 100 ni òdiwọ̀n FFA táwọn oníṣòwò ń lò káríayé. Ìlànà Codex, èyí tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé jọ gbé kalẹ̀, fi acid value 10 ṣe òpin fún ojúlówó epo pupa tí wọn kò fọ̀. Téèyàn bá yí i padà sí FFA, ó jẹ́ nǹkan bí 4.6. Torí náà, ibì kan náà ni ìlànà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ forí lé. Fún òróró tí wọ́n ti fọ̀, irú èyí tó mọ́ kedere nínú ike, acid value rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.6 lọ.

Kì í ṣe ìkà ló ń mú kí àwọn ilé iṣẹ́ máa dín owó kù. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ epo, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ gbogbo áásíìdì tó já kúrò. Nínú kìlógíráàmù 1,000 epo tí FFA rẹ̀ jẹ́ 4, kìlógíráàmù 40 ló máa bá ti áásíìdì lọ. Bó bá jẹ́ 10 ni, kìlógíráàmù 100 ló máa lọ. Ìyàtọ̀ kìlógíráàmù 60 yẹn, ẹnì kan ló máa san án.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kẹ́ẹ̀gì ilé náà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa ń gba nǹkan bí kìlógíráàmù 23 epo. Bí FFA rẹ̀ bá jẹ́ 5, áásíìdì tó já nínú rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù kan. Bó bá jẹ́ 15, ó ti lé ní mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n lè tà á lọ́jà.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lọ́dún 1950

Ìtàn fi hàn pé wíwọn epo lè ṣe ẹni tó ń ṣe é láǹfààní. Láyé ọjọ́un, nígbà tí ọkọ̀ òkun ń kó epo láti etíkun wa lọ sí Liverpool, oríṣi méjì ni wọ́n pín epo sí: epo líle àti epo rírọ̀. Ẹyìn tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe epo líle. FFA rẹ̀ máa ń pọ̀, torí náà ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹyìn tútù tí wọ́n sè ni wọ́n fi ń ṣe epo rírọ̀. Epo tó ń wá láti Èkó wà lára èyí tó rọ̀ jù, wọ́n sì máa ń san owó tó jọjú fún un.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe bọ́tà àtọwọ́dá nílẹ̀ Yúróòpù ń wá epo tó ṣeé jẹ, kì í ṣe ti ọṣẹ. Lọ́dún 1949, ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra epo àti ekùrọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀. Lọ́dún 1950, bọ́ọ̀dù náà ṣí ìpele tuntun kan tí wọ́n pè ní Special Grade, ìyẹn epo tí FFA rẹ̀ kò ju 4.5 lọ, wọ́n sì ń san owó tó ju ti ìpele kìíní lọ fún un. Àwọn olùyẹ̀wò ń wọn epo kí wọ́n tó rà á. Nígbà tí bọ́ọ̀dù náà bẹ̀rẹ̀, epo tó yẹ nípele yìí kò tó nǹkan. Àmọ́ kí ọdún mẹ́wàá tó pé, òun ló ti pọ̀ jù nínú epo tí wọ́n ń rà. Ọ̀pẹ kò yí padà, ilẹ̀ kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó bá tètè se ẹyìn rẹ̀ ti mọ̀ pé owó òun máa yàtọ̀, torí pé wọ́n máa wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì san án.

Ìmọ̀ náà kò wá láti òkèèrè nìkan. Nítòsí ìlú Benin, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ lọ́dún 1939. Lọ́dún 1951, ó di ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1964 ó sì di ilé iṣẹ́ ìwádìí ti Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NIFOR, tó wà títí dòní.

Lọ́dún 1986, ìjọba fagi lé àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko. Látìgbà náà, àdéhùn àárín ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà ló kù. Ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń wọn epo tiẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ọjà ìgbèríko, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n fún ìyá tó ń ṣe epo. Ẹni tó fi ẹyìn sílẹ̀ ní ọjọ́ kan àti ẹni tó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà lè gba iye kan náà. Kí ló máa wá mú kí èyí àkọ́kọ́ máa yára?

Ohun tí àwọn kan lè ṣe ni pé kí wọ́n para pọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ní ẹbu mélòó kan lè jọ ra òṣùwọ̀n, burette àti àwọn èròjà, kí wọ́n sì rán ọ̀dọ́ kan tó ka sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n bá ti mọ nọ́ńbà epo wọn kí ọkọ̀ tó gbéra, ọ̀rọ̀ ẹnu géètì á yàtọ̀. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe é nílé ìdáná o. Kọ́sítíìkì sódà ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ́tánọ́ọ̀lù pẹ̀lú ń tètè gbiná. Kí ọwọ́ ọmọdé má ṣe dé ìkankan nínú wọn.

Fún Ẹni Tó Ń Ṣe Epo

Kí wọ́n gé ẹyìn nígbà tó bá pọ́n, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá ń jẹrà. Kí wọ́n má ṣe máa ju ìdì sókè sódò. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹyìn dé orí iná láàárín wákàtí 24 tí wọ́n gé e, kí wọ́n sì sè é jinná dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó epo kúrò lójú omi, kí wọ́n tún gbé e kaná títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, tí kò ní ta pàrà-pàrà mọ́. Omi tó bá kù ló máa tún máa já okùn yẹn nínú kẹ́ẹ̀gì. Kí dúrọ́ọ̀mù náà mọ́, kó gbẹ, kó má sì dípẹtà, torí pé ìpẹtà máa ń mú kí epo tètè bàjẹ́.

Kí wọ́n má sì da epo àtijọ́ mọ́ tuntun. Bí wọ́n bá da lítà 5 epo tó jẹ́ 15 mọ́ lítà 20 tó jẹ́ 3, gbogbo rẹ̀ á di 5.4. Epo tó dára lítà ogún ti kọjá òdiwọ̀n nítorí márùn-ún. Èyí tó ti kan kò ní ṣòfò tí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń wá a, torí pé áásíìdì tó já máa ń tètè di ọṣẹ.

Fún Ìdílé Tó Ń Ra Epo

Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù, tí owó epo sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń rà á pa mọ́ nígbà náà. Kò sí burette nílé, àmọ́ ojú, imú àti ọ̀fun ṣì wúlò. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀, torí pé ìgbà téèyàn bá gbé e mì ló máa ń ha ọ̀fun. Ẹ bu síbí kan sínú agbada gbígbóná. Bó bá ń ta pàrà-pàrà, omi wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ nílé.

Tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ rọ ọ́ sínú ohun tó mọ́, tó gbẹ, kẹ́ ẹ kún un dẹ́nu, kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tó ṣókùnkùn tí ooru kò sí. Ẹ má fi ìgbakọ tó tutù bọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé àlùbọ́sà lè wo epo tó kan sàn. Irọ́ ni. Àlùbọ́sà lè bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ iná ilé ìdáná kò lè lé áásíìdì náà jáde. Àwọn míì ní kí wọ́n fi káún tàbí eérú sí i. Ìyẹn á pa díẹ̀ nínú áásíìdì náà lóòótọ́, àmọ́ ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe sínú ọbẹ̀ yẹn. Bákan náà, epo tí wọ́n fi ń dín àkàrà léralérá á máa kan sí i, torí pé omi inú ẹ̀wà lílọ̀ ń bọ́ sínú rẹ̀, ooru sì ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń tètè rú èéfín, ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun Tí Nọ́ńbà Yìí Kò Lè Sọ

FFA kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò lè sọ bóyá afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti ba epo jẹ́. Àyẹ̀wò míì, tó ń jẹ́ peroxide value, ló ń sọ ìyẹn. Kò sì lè sọ bóyá wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà rí àwọ̀ Sudan IV, tí wọn ò fọwọ́ sí fún oúnjẹ, nínú epo pupa láwọn ọjà ìlú Accra. NAFDAC náà ti kìlọ̀ nípa irú epo bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Epo alárọ́ lè ní FFA tó kéré. Torí náà, bí pípọ́n epo kan bá pọ̀ jù, tó sì ń pọ́n ọwọ́ tí kò fẹ́ ṣí, kí ẹni tó fẹ́ rà á fi í sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí nọ́ńbà yìí lè sọ tí ahọ́n kò lè sọ láìsí àríyànjiyàn: bí ọjọ́ tó wà láàárín àdá àti iná ṣe pọ̀ tó. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ń san owó epo dáadáa fún ẹni tó ṣe dáadáa, ìyá tó ń ṣe epo á rí èrè làálàá rẹ̀, epo tó sì ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ kò ní máa ha àwọn ọmọ lọ́fun.